Orúnkún Òǹtẹ̀

"Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú dáadáa," ni dókítà ẹran wí. "Ó máa dùn ún díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ fi apá méjèèjì gbá orí ajá náà mọ́ àyà. Dókítà fi ọwọ́ kan di itan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó fi èkejì di ojúgun, ó wá rọra ti ojúgun náà síwájú. Ojúgun yọ̀ jáde lábẹ́ itan bí ìgbà tí èèyàn bá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Òǹtẹ̀ kò gbó. Ó kàn ti imú bọ abẹ́ apá Abẹ́rẹ́, ó sì mí ìmí kan tó gùn bíi ti ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí.

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń yọ̀ yẹn? Kò yẹ kó yọ̀ rárá. Okùn iṣan kan wà nínú orúnkún tó so egungun òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Òun ló já."

"Ó já tán, àbí ó ku díẹ̀ kó já?"

"Ó já tán, mà."

"Aránṣọ ni mí, Dókítà. Ohun tó bá já, rírán là ń rán an. Ẹ bá mi rán an."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá lára ajá. "Eléyìí kò ṣeé rán, mà. Ó ti gbó, ó ti tú ní fọ́nrán fọ́nrán. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gé egungun ojúgun lápá òkè, a ó yí i díẹ̀, a ó sì fi irin àti ìṣó dè é, kí orúnkún lè dúró láìsí okùn yẹn. Tó bá jẹ́ ajá ọdún mẹ́rin ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá lẹ pè é. Mo sì gbọ́ ariwo kékeré kan nínú ọkàn rẹ̀. Oògùn tí a ó fi kùn ún lóorun lè ṣe é ní jàǹbá."

"Tó bá wá jí ńkọ́?"

"Tó bá jí, ọ̀sẹ̀ méjìlá ló máa fi wà lójú kan. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ rìn kọjá ẹnu ilẹ̀kùn láti lọ tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè padà máa rìn bíi tàtijọ́. Ṣùgbọ́n tó bá rìn kí ọ̀sẹ̀ méjìlá tó pé, irin á kán, egungun á sì bá a kán."

"Tí a ò bá ṣe é rárá ńkọ́?"

"Ẹ ó máa fún un ní oògùn ìrora, ẹ ó dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ẹ ó jẹ́ kó sinmi. Á máa tiro. Á lè máa rìn yí ilé ká láìsí ìrora púpọ̀. Àmọ́ ìrìn gígùn, ẹ gbàgbé ìyẹn."

Ìrìn gígùn gan-an sì ni ohun tí Abẹ́rẹ́ kò lè gbàgbé. Nítorí ẹ̀ ló ṣe gbé ajá wá.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé wọ́n ní afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Nígbà tó wá dàgbà tó di aránṣọ, orúkọ ìnagijẹ náà bá iṣẹ́ mu, kò sì sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Apínlẹ́tà ni bàbá fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, ajá tó sì bù ú jẹ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò lóǹkà. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì gan-an ló lọ ra ọmọ ajá. Ẹnu ya gbogbo ilé. "Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ̀tá rẹ̀ parí ìjà," ni bàbá wí, "kó tètè mú un kí eyín rẹ̀ tó yọ." Funfun ni ajá náà, àmì dúdú roboto kan wà níwájú orí rẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń lù mọ́ lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bó ṣe di Òǹtẹ̀ nìyẹn.

Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìgbàgbé ti wọlé tọ bàbá. Ó kọ́kọ́ jí orúkọ àwọn èèyàn kó, ó jí ọjọ́ àti oṣù, ó jí ọ̀rọ̀ àná. Ẹsẹ̀ bàbá ni kò rí jí. Láràárọ̀, bàbá á dé fìlà iṣẹ́, á gbé àpò òfìfo kọ́ èjìká, á sì rin ọ̀nà tó ti ń rìn láti ìgbà ọ̀dọ́: òpópónà mẹ́rìndínlógún, ẹnu ọ̀nà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò ní ṣi ẹyọ kan. Àmọ́ ojúlé tó gbẹ̀yìn ni ìrántí rẹ̀ ń parí sí. Tó bá débẹ̀, á dúró láàárín títì bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ohun tó bọ́. Nígbà náà ni Òǹtẹ̀ á fa okùn ọrùn rẹ̀, á sì mú un padà wá sílé. Ọdún mẹ́ta gbáko, bàbá ń mú ajá lọ, ajá ń mú bàbá bọ̀, Abẹ́rẹ́ sì ń rí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jókòó.

Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni Òǹtẹ̀ ké lórí àtẹ̀gùn, tó ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, tí kò sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń gba ìwọ̀n lára oníbàárà kan, bàbá dá jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́pàá kan tó rí i lẹ́bàá ojú irin rélùwéè tó mú un wálé. Ó ti tọ̀ sára. Ó ń bẹ ọlọ́pàá náà pé kó jọ̀wọ́, kó má sọ fún ọ̀gá òun pé òun pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Tó bá tún sọnù lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa gbé mọ́tò wá mú un." Ó ti wá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un, Dókítà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ọjọ́ wo lẹ lè ṣe é?"

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, mà." Dókítà tọ́ka sí òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá tí ẹ gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kílò méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Lónìí, ó ti di mẹ́tàdínlógójì. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Agolo kan láàárọ̀, agolo kan nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà láti ọjọ́ yìí."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n."

"Mi ò ní ẹ ń purọ́, mà. Mo ní kílò mẹ́sàn-án kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá àìsàn ni."

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ gbé ajá dé ilé, aládùúgbò tó bá a jókòó ti bàbá wà lórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbájáde, ó di kọ́kọ́rọ́ mú bí ẹni tó di ọmọ tuntun mú. Bàbá ń gbá ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà níta tó fẹ́ wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi," ó ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Láti aago mẹ́sàn-án ni," ni aládùúgbò wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Abẹ́rẹ́, má bínú sí mi. Mi ò lè ṣe é lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n pè lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ fi irin sí ajá lẹ́sẹ̀. Ajá ọdún mọ́kànlá! Ṣé orí rẹ pé ṣá?"

"Ajá yìí ló ń mú bàbá yín wálé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàbá wa. Èmi nìkan kọ́ ló bí."

"Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre. Ilé tí mo bá a wá yìí dára. Ọgbà òdòdó wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru."

"Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn àbájáde. Ṣé bàbá á lè ṣí i láti inú?"

Ohùn ẹ̀gbọ́n lọ sílẹ̀. "Ìwọ náà ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, àbúrò mi."

Abẹ́rẹ́ gé fóònù náà.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà pè pé ẹ̀jẹ̀ Òǹtẹ̀ mọ́, kò sí àìsàn kankan tó ń sọ ajá di ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ náà wá di àlọ́ tí kò ní èsì. Agolo méjì lójúmọ́, kílò mẹ́sàn-án lọ́dún. Abẹ́rẹ́ kì í fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, tí aṣọ bá dín, ẹnì kan ló gé e. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó ṣí àpò oúnjẹ ajá nínú ilé ìdáná, ó sì fa ìlà tín-ín-rín kan sínú rẹ̀, níbi tí oúnjẹ náà dé gan-an. Ó fún Òǹtẹ̀ ní agolo kan, ó fa ìlà mìíràn, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní yàrá iwájú.

Nígbà tó padà lọ́sàn-án, oúnjẹ náà ti fi ìka mẹ́rin lọ sísàlẹ̀ ìlà. Bẹ́ẹ̀ abọ́ ajá wà lórí aṣọ ìnuwọ́, ó dojú dé, ó mọ́ tónítóní.

Ní Ọjọ́rú, tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, Abẹ́rẹ́ tan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè máa dún, ó sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Bàbá wọlé wá. Ó wo abọ́. Ó pòṣé.

"Òǹtẹ̀, wọn ò tíì fún ọ lóúnjẹ? Wo abọ́ bó ṣe gbẹ. Ìwà ìkà rèé! Ajá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba!"

Ó bu oúnjẹ kún abọ́. Òǹtẹ̀, tó nà gbalaja lórí ẹní, jẹ ẹ́ láìdìde. Bàbá dúró tì í títí tó fi lá a tán. Ó wá gbé abọ́ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ ìnuwọ́, ó sì jáde lọ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó ti ṣe ohun tó yẹ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó tún padà wá. Ó wo abọ́.

"Háà! Láti àárọ̀! Abọ́ gbígbẹ!"

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Nítorí òun ló ṣòfin abọ́. Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀, òun ló jókòó ti bàbá, tó sọ fún un pé: "Bàbá, ẹ má fọ abọ́ Òǹtẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá rí i tó dọ̀tí, ó ti jẹun nìyẹn. Tó bá mọ́, kò tíì jẹun, ẹ fún un." Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yẹn nígbà náà, ó tilẹ̀ fi yangàn lọ́dọ̀ aládùúgbò. Àṣé ìlàjì òfin ni bàbá gbàgbé, ó di ìlàjì kejì mú ṣinṣin. Apínlẹ́tà tí kò lè rí ife tó dọ̀tí kó má fọ̀ ọ́, òun ni Abẹ́rẹ́ ní kó fi ìdọ̀tí ṣe ìrántí. Bí bàbá bá ti fọ abọ́, ó ti fọ ẹ̀rí nù. Abẹ́rẹ́ náà, tó bá dé nírọ̀lẹ́ tó rí abọ́ mímọ́, á bu agolo tirẹ̀ kún un. Orúnkún kan ṣoṣo sì ni wọ́n jọ ń di gbogbo rẹ̀ lé.

Nígbà tí ajá tún jẹun tán, tí bàbá sì tún fọ abọ́, Abẹ́rẹ́ dìde, ó wọlé.

"Bàbá. Ó ti jẹun."

"Ta ló fún un? Abọ́ mọ́."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀ẹ̀mejì rèé lójú mi, mi ò mọ iye tó ṣáájú. Ẹ̀yin náà lẹ fọ abọ́."

Bàbá wò ó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì tutù. Nǹkan kan ṣí nínú ojú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ká aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú ojú tí Abẹ́rẹ́ kò rí láti bí oṣù méjì.

"Nítorí ìyẹn ló ṣe sanra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí ìyẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣẹ́?"

"Kò ṣẹ́. Iṣan ló já. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, èmi ni mo..." Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́. Wọ́n máa tún un ṣe lọ́la. Á padà máa bá yín rìn. Ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni. Ẹ ò kàn ní pè é jáde, ẹ ò ní fún un lóúnjẹ, ẹ kàn máa rántí pé..."

"Abẹ́rẹ́."

"Màá kọ ọ́ sára ògiri. Màá kọ ọ́ sí ọwọ́ yín. Ẹ kàn máa rántí pé..."

"Abẹ́rẹ́ mi. Má béèrè ohun tí n kò ní lọ́wọ́ mi."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ gbé iwájú orí lé orúnkún bàbá, ó sì sunkún bí kò ti sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn. Bàbá ń fọwọ́ pa á lórí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọwọ́ náà dúró.

"Kí ló dé tó o fi ń sunkún?" ni bàbá bi í. "Ta ló nà ẹ́?"

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Òǹtẹ̀ kò jẹ nǹkan kan, bí dókítà ṣe pàṣẹ. Abẹ́rẹ́ ti gbé àpò oúnjẹ pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ aṣọ ìbora sílẹ̀ láti fi gbé ajá náà, ó ń ṣe ìṣirò tó ti ń ṣe láti àná. Tí bàbá bá wà nílé, ajá ò ní lè sinmi. Tó bá jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mú bàbá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ajá á san, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó máa kù nínú bàbá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí òpópónà kankan? Ibi tó bá ti gbà á, ẹnì kan ló ń ṣègbé.

"Dìde, Òǹtẹ̀," ó wí. "Dìde, jọ̀ọ́." Ajá náà wò ó, ó gbé orí padà sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá bàbá ṣí. Bàbá jáde, ó ti dé fìlà iṣẹ́.

Òǹtẹ̀ dìde. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta wọ́ ara rẹ̀ kọjá lára Abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ tó já kan ilẹ̀, ó ké, ó sì ń lọ. Abẹ́rẹ́ di okùn ọrùn rẹ̀ mú, ajá náà fà á títí tí okùn fi fún un lọ́fun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì dúró. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó jókòó ti ẹsẹ̀ bàbá, ó ń gbọ̀n láti orí dé ìrù, ó ń wo ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Abẹ́rẹ́ ronú nípa irin àti ìṣó. Irin wo ló máa di èyí mú? Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí kò bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé: ta ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún? Òǹtẹ̀ kò nílò òpópónà mẹ́rìndínlógún. Oògùn ìrora àti oúnjẹ díẹ̀ àti ẹní tó wà lójú oòrùn ti tó fún un. Abẹ́rẹ́ gan-an ló nílò ìrìn gígùn yẹn, kó lè rí ìdí ẹ̀rọ jókòó láràárọ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ọmọ, ọdún mẹ́ta ni ajá ti ń bá a ṣe é.

Ó mú fóònù.

"Dókítà, ẹ má retí wa mọ́."

"Ṣé ọkàn yín balẹ̀ sí i, mà?"

"Kò balẹ̀ rárá. Ẹ bá mi kọ oògùn ìrora sílẹ̀, àti ìwọ̀n tó yẹ kó máa jẹ. Mo máa wá gbà á lọ́sàn-án."

Ó gbé Òǹtẹ̀, gbogbo kílò mẹ́tàdínlógójì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Abẹ́rẹ́ ya páálí kan, ó kọ ọ́ sí i pé láti òní lọ, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù á máa ṣí, ó fi abẹ́rẹ́ mẹ́ta gún un mọ́ aṣọ ojú fèrèsé. Ó mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan ò ní padà wá mọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn àbájáde. Bàbá jáde bí ẹni pé wọn ò tì í mọ́ ọn rí.

Ariwo Òǹtẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé kọ́nà. Ní gbogbo ìgbà náà, Abẹ́rẹ́ ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó má wẹ̀yìn. Bàbá kò jọ pé ó gbọ́ ọ. Ó ń lọ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ń ki ọwọ́ bọ àpò òfìfo, ó ń fi òfìfo sínú àpótí, ó ń kọjá. Ní òpópónà kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé òun. Ó dúró. Ó wo Abẹ́rẹ́ láti òkè délẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, kò sì jọ pé ó dá a mọ̀.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́?"

Abẹ́rẹ́ di tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n tó ṣì fi kọ́rùn mú, ó sì tú u sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó wí. "Òní ni mo bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa. Gba apá òsì títì, èmi á gba ọ̀tún." Bàbá tún àpò gbé kọ́ èjìká. "Má sáré o. Àwọn ilé ò ní sá lọ."

Abẹ́rẹ́ wo ọ̀nà méjèèjì, ó sì sọdá sí apá òsì.